Kànga Rẹ, Ṣáláńgá Mi: Àjọṣe Àdúgbò àti Ìlera Ará Alímọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ará Alímọ̀ṣọ́, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló ti ń retí kí n fi òwe àjèjé ọwọ́ kan bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní í pa á lónìí. Ìṣirò ni màá fi bẹ̀rẹ̀.

Pulọ́ọ̀tì kan l'Ékòó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì, èyí tí agbára ọ̀pọ̀ wa ká ní Ìgàndò, Ìjẹ̀gun àti Ìkòtún, jẹ́ 60 sí 60. Ẹ mú okùn, kẹ́ ẹ nà án láti igun kan ilẹ̀ náà sí igun tó dojú kọ ọ́. Kò síbi tó tún gùn ju ibẹ̀ lọ nínú ilẹ̀ yẹn, okùn yín kò sì ní í ju ẹsẹ̀ 85 lọ. Àwọn onímọ̀ ìlera àyíká sì ti máa ń sọ ọ́ pé, ó kéré tán, kí mítà 30 wà láàárín ihò ìgbẹ́ àti kànga tí à ń mu omi rẹ̀. Mítà 30 jẹ́ bí ẹsẹ̀ 98.

Ẹ rí i pé kò gbà. Ẹni tó gbẹ́ kànga sí igun kan, tó gbẹ́ ṣáláńgá sí igun kejì, tí kò tilẹ̀ kọ́ yàrá kan ṣoṣo sáàárín wọn, kò tíì lè pa ìlànà yẹn mọ́. Bẹ́ẹ̀, ilé la rà á fún, a sì ti kọ́ ilé sí i. Ká wá gbà pé onítọ̀hún tiẹ̀ gbìyànjú, ó gbé kànga rẹ̀ jìnnà sí ṣáláńgá tirẹ̀ dé ibi tó lè jìnnà dé, ibo ló gbé e lọ? Ìdí ògiri. Kí ló wà lẹ́yìn ògiri náà? Ṣáláńgá tèmi. Omi abẹ́ ilẹ̀ kò mọ ìwé ilẹ̀ ta ni wọ́n fọwọ́ sí, kò sì mọ ibi tí sọ̀fíọ̀ ri òkúta mọ́.

Ẹnì kan á sọ pé bóòhòòlù lòun gbẹ́ ní tòun. Òótọ́ ni pé èyí tó bá jìn dáadáa, tí wọ́n sì fi páìpù àti sìmẹ́ńtì dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, ó ní ààbò ju kànga àfọwọ́gbẹ́ lọ. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pe àwọn agbẹ́-bóòhòòlù wá sílé mọ̀ pé ibi tí owó bá tán ni wọ́n máa ń dá iṣẹ́ dúró sí.

Nítorí náà, ohun tí mo wá sọ kò gùn. Ní Alímọ̀ṣọ́, kò sí ilé tó lè dá ṣe ìmọ́tótó ara rẹ̀. Òpópónà ló lè ṣe é. Òpópónà náà sì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Tó bá dé ibẹ̀, ìjọba ló gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí wàhálà wa ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé a kò tíì jókòó fi ẹnu kò sí ibi tí ààlà yẹn wà.

Ẹ wo bí a ti pọ̀ tó. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, àjọ ìjọba àpapọ̀ ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ka tiwọn, wọ́n ní a lé ní mílíọ̀nù méjì. Ìjà yẹn kò tíì parí láàárín wọn, mi ò sì ní í dá sí i, torí èyí tó kéré nínú méjèèjì náà ti sọ wá di ìjọba ìbílẹ̀ tó lérò jù l'Ékòó. Láti ọdún 2003 wọ́n ti pín wa sí ọ̀nà mẹ́fà: Alímọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀, Agbádó/Òkè-Odò, Ayọ̀bọ̀-Ìpájà, Ẹgbẹ́-Ìdímù, Ìkòtún-Ìgàndò àti Mọ́sàn-Òkúnọlá. Oko ni púpọ̀ nínú ibi tí a jókòó sí yìí tẹ́lẹ̀. Yàtọ̀ sí àwọn ẹ̀sìteètì bíi Abẹ́sàn tí wọ́n kọ́ nígbà Gómìnà Jákàńdè, ilé ló kọ́kọ́ dé, ọ̀nà tẹ̀ lé e, gọ́tà dé kẹ́yìn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, páìpù omi ìjọba kò tíì dé rárá.

Mi ò fẹ́ fi orúkọ àìsàn dẹ́rù bà yín. Ẹ mọ onígbáméjì, ẹ mọ ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ẹ mọ ìgbẹ́ ọ̀rìn. Ọ̀nà kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbà: láti inú ìgbẹ́ ẹnì kan bọ́ sí ẹnu ẹlòmíràn, omi tàbí oúnjẹ ló sì máa ń gbé e dé ibẹ̀. Nígbà tí onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ohun mímu tí wọ́n fi ọ̀fíò ṣe, tí kò gba àṣẹ NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ni àwọn aláṣẹ ìlera kọ́kọ́ fura sí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀fíò kò ní onígbáméjì lára nígbà tí wọ́n wà á lóko. Omi tàbí ọwọ́ ló kó o bá a.

Ìjọba àti ará ìlú ti ń fa ọ̀rọ̀ omi àti ìmọ́tótó mọ́ra wọn lọ́wọ́ l'Ékòó láti ìgbà àwọn baba ńlá wa. Ní 1908, Gómìnà Walter Egerton fẹ́ fa omi ẹ̀rọ wọ ìlú, ó sì fẹ́ kí ará ìlú máa san owó rẹ̀. Àwọn ará Èkó kọ̀. Wọ́n ní àwọn ní kànga, wọ́n sì ní àwọn òyìnbó ni omi náà máa wúlò fún jù. Wọ́n wọ́de. Dókítà John Randle àti Dókítà Ọrìṣàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ lọ́dún náà láti kojú owó omi. Omi ẹ̀rọ náà dé láti Ìjú ní 1915 bí ìjọba ti fẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó rẹ̀ ní 1916, rògbòdìyàn tún ṣẹlẹ̀.

Tí a bá sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ wa lónìí, wọ́n á ní àìmọ̀kan ló mú àwọn àgbà yẹn. Ẹ tún orúkọ wọn gbọ́: dókítà ni Randle, dókítà ni Ọbasá. Òkè òkun ni àwọn méjèèjì ti kọ́ṣẹ́ ìṣègùn. Wọ́n mọ àrùn inú omi dáadáa. Wọn ò bá omi jà. Ìpinnu tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ará ìlú, tí wọ́n wá ní kí ará ìlú san owó rẹ̀, ni wọ́n bá jà. Lójú tèmi, bí Egerton bá ti pe àwọn àgbà ìlú jókòó kó tó ya àwòrán páìpù, ọ̀rọ̀ ì bá má rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ wolé-wolé gbilẹ̀. Àwọn àgbà àárín wa rántí wọn. Láti 1924 títí di 1930, àjàkálẹ̀ àrùn tó ń tara eku wá jà l'Ékòó, Dókítà Isaac Ládipọ̀ Olúwọlé, ọ̀kan lára àwọn ọmọ Áfíríkà tó kọ́kọ́ di aláṣẹ ìlera nílùú náà, sì wà lára àwọn tó gbé ìjà kò ó. Ó sọ iṣẹ́ wolé-wolé dọ̀tun, ó dá ilé ẹ̀kọ́ wọn sílẹ̀ ní Yábàá. Iṣẹ́ yẹn gba ẹ̀mí là, mi ò sì ní í gbà kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ni ará ìlú fi ń tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá gbúròó wolé-wolé ní ìkóríta, gbogbo ìkòkò omi tó ní ìdin ẹ̀fọn nínú ni wọ́n á ti dà nù kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì, ìkòkò á tún kún.

Irú ìbẹ̀rù kan náà la tún fi ṣe ìmọ́tótó oṣooṣù. Lẹ́yìn tí ìjọba Buhari àti Ìdíàgbọn gbé WAI, ìyẹn ogun sí ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́, dé ní 1984, ìmọ́tótó àyíká di ara rẹ̀; nígbà tó yá, àárọ̀ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù di àárọ̀ tí ọkọ̀ kì í rìn l'Ékòó. A ń kó ìdọ̀tí inú gọ́tà jáde, a ń kó o jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, òjò á sì dá a padà sínú gọ́tà kí ọkọ̀ kankan tó wá kó o. Ní 2015, Adájọ́ Mohammed Idris ti ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó ní kò sófin tó fún ìjọba lágbára láti sé àwọn ènìyàn mọ́lé nítorí ìmọ́tótó. Ẹjọ́ míì dé kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ibẹ̀ náà kò gbè é. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ìjọba Èkó fagi lé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń dárò ọjọ́ náà títí di òní. Èmi ò dárò rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta lóṣù kò lè ṣe iṣẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú yín dé Kàràṣí, ní Pàkísítánì, torí ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó jọ tiwa jù. Àdúgbò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Orangi. Bí Alímọ̀ṣọ́ ló rí: àwọn ènìyàn ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń gé e tà, wọ́n kọ́lé, ìjọba kò fa páìpù ìdọ̀tí kankan débẹ̀. Ní 1980, bàbá kan tó ń jẹ́ Akhtar Hameed Khan dé sáàárín wọn. Kò pín owó. Ohun tó ṣe ni pé ó ní kí òpópónà kọ̀ọ̀kan, tí ilé rẹ̀ jẹ́ bí ogún sí ọgbọ̀n, yan ẹnì kan láàárín ara wọn tí wọ́n fọkàn tán. Ẹni yẹn á gba owó lọ́wọ́ onílé kọ̀ọ̀kan, owó náà kò sì ní í kan ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Khan rárá. Ti àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ni kí wọ́n wá wọn ilẹ̀, kí wọ́n ya àwòrán, kí wọ́n yá wọn ní irin iṣẹ́, kí wọ́n sì kọ́ wọn bí páìpù ṣe ń tẹ̀ kí omi lè ṣàn. Àwọn ará òpópónà ló gbẹ́ ilẹ̀ fúnra wọn. Iye tó ná wọn kéré gan-an sí iye tí ìjọba ń pè fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí kọngílá láàárín. Láàárín ọdún díẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òpópónà ti ṣe tiwọn.

Ibi tí ìtàn náà ti dùn mọ́ mi jù ni ibi tó ti kọsẹ̀. Páìpù òpópónà gbọ́dọ̀ já síbì kan. Àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn láàárín ìlú ni wọ́n kọ́kọ́ já a sí, odò sì ń gbé ìgbẹ́ lọ. Kò sí òpópónà tó lè dá gbẹ́ ojú odò ìlú. Khan àti àwọn tó tẹ̀ lé e, pàápàá obìnrin ayàwòrán ilé kan tó ń jẹ́ Perveen Rahman, kó àwòrán gbogbo òpópónà náà lọ bá ìjọba: ohun tí a ti ṣe rèé, ibi tó parí sí rèé, láti ibí ni kí ẹ ti gbà á. Ìjọba tó ti ń sọ pé owó kò sí kò rí àwáwí kankan mọ́. (Wọ́n yìnbọn pa Rahman ní 2013. Àwọn àwòrán rẹ̀ fi ohun tí àwọn ajagungbalẹ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí hàn. Mo sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé àwòrán ilẹ̀ kì í ṣe ìwé lásán.)

Ẹ wá wo ara yín. Ẹgbẹ́ onílé tó wà ní òpópónà yín ń ṣe ìpàdé oṣooṣù. Ó ń gba owó gééètì, ó ń gba owó ọlọ́dẹ. Nígbà tí tiransifọ́mà jóná, ilé sí ilé lẹ gbà á, ẹ ra òmíràn, ẹ tún ra òpó iná, ẹ sì gbé e fún iléeṣẹ́ mànàmáná lọ́fẹ̀ẹ́. Inú mi kì í dùn sí apá tó gbẹ̀yìn yẹn, àmọ́ ó fi agbára yín hàn. Ẹgbẹ́ tó lè ra tiransifọ́mà kò lè sọ pé òun ò lágbára láti ya àwòrán kànga àti ṣáláńgá òpópónà òun. Ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan, téèpù ìwọnlẹ̀ kan, ọmọ ilé ìwé gíga méjì: kànga mélòó ló wà, ibo ni wọ́n wà, ṣáláńgá wo ló sún mọ́ èwo, ibo ni gọ́tà ti ń ṣàn, ibo ló ti dí. Láti orí ìwé yẹn lẹ ó ti rí kànga mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó jẹ́ pé fífọ aṣọ nìkan ló yẹ kí omi wọn wà fún, àti ọ̀kan tàbí méjì tí ó dára tó kí gbogbo òpópónà dáwó dáàbò bò ó, kí wọ́n jọ máa pọn ún.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ fi bá ẹgbẹ́ onílé jà díẹ̀. Orúkọ yín ni onílé, ṣùgbọ́n ta ló pọ̀ jù nínú ilé? Nínú ilé Face-Me-I-Face-You oníyàrá mẹ́wàá, onílé lè má tilẹ̀ gbé ibẹ̀. Ayálégbé ló ń pọn omi, ayálégbé ló ń da omi ìdọ̀tí, ọmọ ayálégbé ló ń ṣu. Ẹ pè wọ́n sí ìpàdé. Ẹ sì pe àwọn obìnrin, torí àwọn ló mọ kànga tó ń rùn lẹ́yìn òjò.

Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ilé kò yàtọ̀. Láti 1997 ni ìjọba Èkó ti ń lo àwọn aládàáni tí a mọ̀ sí PSP láti máa kó o. Ní 2017, ìjọba Ambọde gbé ètò mìíràn dé, wọ́n fi iṣẹ́ ìkólẹ̀ ilé lé iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Visionscape lọ́wọ́, PSP di ẹni ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ ò nílò kí n rán yín létí òkìtì tó wà láàárín títì ní 2018. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó fúnra rẹ̀ ní òun kò mọ Visionscape rí. Nígbà tí Gómìnà Sanwó-Olú dé ní 2019, PSP padà. Egerton tún ni: ìpinnu láti òkè, owó láti ìsàlẹ̀.

PSP náà kì í ṣe áńgẹ́lì. Ọkọ̀ wọn kò lè wọ ọ̀pọ̀ òpópónà ní Ìjẹ̀gun àti ẹ̀yìn Ìkòtún; bó bá ṣe ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí a ò rí wọn, àwọn tó ń ti ọmọlanke la máa ń pè. Ìjọba ti ka ọmọlanke léèwọ̀, ìdí rẹ̀ sì wà: ojú odò ni púpọ̀ nínú wọn ń dà á sí lóru. Síbẹ̀ mo rò pé a ń lé ẹni tó yẹ ká gbà síṣẹ́. Ọmọlanke lè wọ ibi tí ọkọ̀ kò lè wọ̀. Kí ẹgbẹ́ àdúgbò forúkọ wọn sílẹ̀, kí wọ́n máa gbé e láti inú òpópónà dé etí títì, kí PSP gbà á níbẹ̀, kí ó sì san lára owó tó ń gbà fún wọn. Wecyclers, tí Bilikiss Adébíyì-Abíọ́lá dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 2012, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù lásán. Wọ́n ń wọ ibi tí ọkọ̀ ńlá kò lè wọ̀, wọ́n ń wọn bọ́tìlì àti ọ̀rá lọ́wọ́ ará àdúgbò, wọ́n sì ń fi ẹ̀bùn san án padà. LAWMA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ìdọ̀tí, bá wọn ṣe é.

Àmọ́ ká ní gbogbo rẹ̀ bọ́ sí i, ká ní gbogbo òpópónà Alímọ̀ṣọ́ mọ́ tónítóní lọ́la, níbo ni ìdọ̀tí náà ń lọ?

Ẹ̀yin ará Ìgàndò ti mọ̀ ọ́n kí n tó béèrè. Solous ni. LAWMA sọ pé ìdọ̀tí Èkó ń lọ bíi tọ́ọ̀nù 13,000 lójúmọ́. Lára rẹ̀ ni wọ́n ń wá dà sí àwọn àkìtàn tó wà lọ́nà LASU sí Ìṣẹrí. Ọ̀kan kún, wọ́n ṣí òmíràn, òun náà kún, wọ́n ṣí ẹ̀kẹta. Ilé ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà Alímọ̀ṣọ́ kò sì jìnnà síbẹ̀. Aláìsàn tí èémí ń dà láàmú ń gba ìtọ́jú níbi tí atẹ́gùn Solous ń fẹ́ dé. Ìmọ́tótó àdúgbò ẹlòmíràn ló di èérí tiwa, kò sì sí òpópónà kan ní Ìgàndò tó lè fi owó gééètì tún ìyẹn ṣe. Ibi tí àwọn ará Orangi ti ní kí ìjọba gbà á rèé.

Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra nínú ohun tí a ń sọ nípa Solous. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2010, àwọn olùwádìí Yunifásítì Èkó méjì yẹ omi kànga àyíká Solous wò. Wọn ò rí i pé omi dúdú tó ń jáde láti inú ìdọ̀tí náà ti ba omi abẹ́ ilẹ̀ jẹ́ lọ títí. Amọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ ló ń sẹ́ ẹ. Àmọ́ wọ́n kìlọ̀ pé kò sí ètò kankan láti gba omi dúdú yẹn jọ, àti pé bó bá ń jókòó síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, ewu ń bọ̀ láìpẹ́. Láti ìgbà náà, òkìtì náà kò kéré sí i. Nítorí náà, ẹni tó bá ní omi Ìgàndò ti di májèlé pátápátá kò ní ìwé tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì ní kò sí nǹkan kan, ìwé tirẹ̀ ti pẹ́ jù.

Ní ìparí 2024, ìjọba Èkó bá Jospong, iléeṣẹ́ Ghana tó ni Zoomlion, tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn lórí yíyan ìdọ̀tí àti títún un lò. Ìjọba sì ti kéde pé àkìtàn Olúsosùn àti Solous kẹta á kógbá wọlé. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó jókòó sídìí tábìlì: ìjọba kan, iléeṣẹ́ kan. Àga ará Ìgàndò dà? Àga àwọn tó ń ṣa irin àti bọ́tìlì lórí òkìtì náà, tí ibẹ̀ jẹ́ oko wọn, ńkọ́? Àkìtàn tí wọ́n tì kì í kú lọ́jọ́ tí wọ́n tì í. Ìdọ̀tí tó wà nísàlẹ̀ á ṣì máa jẹrà fún ọ̀pọ̀ ọdún, á máa tú gáàsì tó lè gbiná jáde, omi dúdú á sì máa ṣàn. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi amọ̀ bò ó, kí wọ́n ri páìpù mọ́ ọn tí gáàsì á máa gbà jáde, kí wọ́n sì gbẹ́ kòtò tó máa gba omi dúdú jọ. Kí orúkọ ẹni tó máa ṣọ́ gbogbo èyí lẹ́yìn tí àwọn oníròyìn bá ti lọ wà nínú ìwé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ àdúgbò tó yí Solous ká ṣe kí iṣẹ́ náà tó jìnnà kò gba owó púpọ̀. Ẹ yan kànga díẹ̀, èyí tó sún mọ́ àkìtàn, èyí tó wà láàárín, èyí tó jìnnà. Kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò nígbà òjò, kí wọ́n tún yẹ̀ wọ́n wò nígbà ẹ̀rùn, kí èsì rẹ̀ wà lára ògiri ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé, kí akọ̀wé sì kà á ní ìpàdé oṣù. Bí a kò bá ní àkọsílẹ̀ bí omi ṣe rí kí wọ́n tó ti ibẹ̀, kò sẹ́ni tó máa lè sọ, lẹ́yìn ọdún márùn-ún, bóyá títì tí wọ́n tì í ṣe wá lóore tàbí ó pa wá lára. Àwọn ará Orangi kó àwòrán lọ bá ìjọba tiwọn. Ìwé omi yìí ni tiwa. Ní ti ẹni tó máa yẹ omi náà wò, LASU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, wà ní Ọ̀jọ́, ojú ọ̀nà kan náà ni òun àti Solous wà. Lẹ́tà tí ẹgbẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún bá jọ fọwọ́ sí kò ní í ṣòro fún wọn láti dáhùn. Mo ti bá akọ̀wé yín kọ àdàkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wà lórí tábìlì níwájú, ẹ sì lè fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ tó jáde.